Ọpẹ́ Tí Ó Ṣẹ́kù Fún Àwọn Ọmọ Ogun Bọ́mà

Ní Mọ́kọ́lá, nílùú Ìbàdàn, bárékè sójà kan wà tí ń jẹ́ Letmauk. Ẹni tí ó bá ń lọ sí Àpápá ní Èkó yóò gbọ́ orúkọ Arakan. Ẹni tí ó bá gba Ìkòyí kọjá yóò gbọ́ Dodan. Ní Yábàá, Myohaung àti Marda ni. Bárékè ni gbogbo wọn. Àwọn ènìyàn a máa dárúkọ wọn láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, kọ̀ǹdọ́ a máa fi wọ́n pe èrò, ọ̀pọ̀ sì rò pé orúkọ àwọn ọ̀gá sójà ayé àtijọ́ ni wọ́n, tàbí pé orúkọ Haúsá ni. Wọn kì í ṣe orúkọ ènìyàn rárá. Marda jẹ́ ọ̀nà tóóró kan láàárín òkè ní ilẹ̀ Ẹtiópíà. Àwọn yòókù jẹ́ orúkọ ibi ní ilẹ̀ Bọ́mà, tí ayé ń pè ní Myanmar lónìí, níbi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ti jà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kú sí ní ọdún 1944 àti 1945.

Díẹ̀ ni ohun mìíràn tí ó kù lẹ́nu ará ìlú láti inú ogun tí àwọn àgbà ń pè ní ogun Hítílà. Àwọn tí ó jà á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán. Ṣùgbọ́n fún ohun tí ó ju 50 ọdún lọ, àárín ìlú ni wọ́n wà: bàbá tí ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, bàbá télọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò ṣeé tẹ̀ dáadáa, akọ̀wé tí kì í fẹ́ kí ọmọdé ta bángà nítòsí òun ní àsìkò Kérésìmesì, ọdẹ alẹ́ tí kì í bọ́ ẹ̀wù kakí rẹ̀ tí ó ti ṣá. Àwọn aládùúgbò ń kí wọn. Wọ́n ń pè wọ́n ní Bàbá Sójà, wọ́n sì ń fi ìrìn wọn ṣe ẹ̀fẹ̀ nígbà mìíràn. Ohun tí wọn kì í sábà ṣe ni kí wọ́n fà sún mọ́ bàbá náà, kí wọ́n bi í léèrè ibi tí ó ti gba ọgbẹ́.

Kì í ṣe pé Yorùbá kò mọ ọpẹ́ dú. Ìran tí ó jẹ́ pé ẹni tí a ṣe lálejò lánàá kò gbọdọ̀ pàdé onílé lónìí kí ó má sọ pé "Ẹ ṣé àná," kò lè jẹ́ ìran abaraámóorejẹ. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Bí obìnrin bá bímọ, wọn a kí i kú ewu. Ẹni tí ó ti Ìbàdàn wọ ọkọ̀ dé Èkó a gba "Ẹ kú ewu ọ̀nà" lẹ́nu ẹni tí ó gbà á lálejò. Ó wá ṣòro láti mọ ìdí rẹ̀ tí ẹni tí ó ti inú igbó Bọ́mà dé fi ń gbé ládùúgbò ní 40 ọdún, tí ẹnikẹ́ni kò ti inú ilé tirẹ̀ jáde wá kí i pé "Bàbá, ẹ kú ewu." Ìdí rẹ̀ wà, ó sì wà nínú ìtàn.

Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1939, ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, Royal West African Frontier Force, kò tóbi. Láàárín ọdún díẹ̀ ó di ẹgbẹ́ ńlá. Ìlà Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n kọ́kọ́ rán àwọn ọmọ Nàìjíríà lọ, láti bá Ítálì jà. Ní ọjọ́ 25 oṣù Èrèlé ọdún 1941 wọ́n wọ Mogadishu. Ní oṣù Ẹrẹ̀nà wọ́n gba ọ̀nà Marda, wọ́n sì wọ ìlú Harar. Èyí ni orúkọ Marda fi dé Yábàá. Lẹ́yìn èyí ni Jàpáànù gba Bọ́mà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ wá di ti Éṣíà. Ní ọdún 1943 wọ́n kó ìpín ogun 81 jọ, ìpín 82 sì tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí ó ré òkun lọ sí Íńdíà àti Bọ́mà tó nǹkan bí 90,000, Nàìjíríà ni tirẹ̀ sì pọ̀ jù nínú wọn.

Àmì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ apá àwọn ará ìpín 81 jẹ́ aláǹtakùn, nítorí ọgbọ́n Ananse tí àwọn ará Gold Coast ń pa lálọ̀ọ́ bí Yorùbá ṣe ń pa ti Ìjàpá. Àmì ìpín 82 tún sọ òtítọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ: ọ̀kọ̀ méjì tí ó dábùú ara wọn, pẹ̀lú òṣùká alárù. Òṣùká náà ni kókó ọ̀rọ̀. Ilẹ̀ Arakan jẹ́ òkè àti igbó kìjikìji tí ọkọ̀ kò lè wọ̀. Kí wọ́n tó lè jà rárá, àwọn ọmọ ogun ìpín 81 kọ́kọ́ fi àdá àti ọkọ́ la ọ̀nà bíi máìlì 75 gba orí òkè, kí wọ́n tó dé àfonífojì Kaladan. Láti ibẹ̀ lọ, ọkọ̀ òfuurufú ni ó ń ju oúnjẹ àti ọta ìbọn sílẹ̀ fún wọn, orí ni wọ́n sì fi ń rù ú. Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju ẹrù rírù lọ, tí ọta ìbọn sì ń bá wọn lábẹ́ ẹrù. Nígbà tí àwọn ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ ogun, akíkanjú oníbọn ni wọ́n máa ń rántí. Bẹ́ẹ̀ bí a bá yọ alárù kúrò nínú ogun Bọ́mà ti àwọn ọmọ Áfíríkà, kò sí ogun tí ó kù.

Àwọn ọmọ Nàìjíríà mìíràn tún wà pẹ̀lú Chindit, ẹgbẹ́ tí ọ̀gágun Wingate kó jọ, tí wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú gbé lọ sẹ́yìn ọ̀tá ní ọdún 1944. Wọ́n wà lára àwọn tí ó di ibùdó tí a ń pè ní White City mú, níbi tí àwọn Jàpáànù ti ń kọlù wọ́n lóru lemọ́lemọ́. Ní ọjọ́ 25 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1945 ni àwọn ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà gba Myohaung, ìlú ọba àtijọ́ ní Arakan. Àwọn oníwèé ìròyìn ìgbà náà kò kọbi ara sí i púpọ̀. Ogun 14 ni wọ́n wà, tí Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ń pè ní ogun tí a gbàgbé. Bí wọ́n bá sì ti gbàgbé odidi ogun kan, ta ni yóò rántí alárù inú rẹ̀?

Ìtàn ẹnì kan tó láti fi mọ bí ó ti rí. Isaac Fadoyebo jẹ́ ọmọ Èmùré-Ilé, lẹ́bàá Ọ̀wọ̀. Ọdún 1925 ni wọ́n bí i. Ó ti ka ìwé mẹ́fà, iṣẹ́ olùkọ́ ni ó sì yẹ kí ó kàn, ṣùgbọ́n ní ọdún 1942, nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 16, ó lọ fi orúkọ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta láìgba àṣẹ òbí. Nítorí pé ó mọ̀wé, ẹ̀ka ìtọ́jú àwọn tí ó farapa ni wọ́n fi í sí. Òògùn àti báńdéèjì ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ẹrẹ̀nà ọdún 1944, ẹgbẹ́ olùtọ́jú aláìsàn tí ó wà nínú rẹ̀ pàgọ́ sí etí odò Kaladan. Àwọn Jàpáànù yọ sí wọn lójijì, wọ́n sì da ìbọn bò wọ́n. Ọ̀pọ̀ kú lójú ẹsẹ̀. Ọta ìbọn bá Fadoyebo lẹ́sẹ̀ àti níkùn. Àwọn ọ̀tá fi í sílẹ̀ sí ibi tí ó dùbúlẹ̀ sí pé ikú ni yóò mú un. Ọmọ Sàró kan, David Kargbo, wà nílẹ̀ bákan náà, òun náà fara gbọgbẹ́. Àwọn mìíràn tí ó farapa pẹ̀lú wọn kú, ó ku àwọn méjèèjì nínú igbó, láìsí òògùn, láìsí oúnjẹ, ní ilẹ̀ tí wọn kò gbọ́ èdè rẹ̀.

Àgbẹ̀ kan ní abúlé tí kò jìnnà síbẹ̀ ni ó gbà wọ́n là. Shuyiman ni orúkọ rẹ̀, Mùsùlùmí ni, láti inú ìran tí a ń pè ní Rohingya. Fadoyebo jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ṣe bí ẹni pé Mùsùlùmí ni àwọn. Shuyiman ń gbé oúnjẹ lọ fún wọn nínú igbó, nígbà tí ó yá ó gbé wọn wọ ilé ara rẹ̀, sọ́dọ̀ ìyàwó àti ọmọ. Ó mọ̀ pé bí àwọn Jàpáànù bá bá àjèjì méjì náà lábẹ́ òrùlé òun, àtòun àtìyàwó àtọmọ ni yóò kú. Oṣù mẹ́sàn-án ni ó fi ṣe é. Ní oṣù Ọ̀pẹ́ ọdún 1944, àwọn ọmọ ogun Gurkha tí ó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì dé abúlé náà, wọ́n sì kó àwọn méjèèjì lọ. Fadoyebo padà dé Èmùré-Ilé ní ọdún 1945. Ó tiro títí ó fi kú.

Irú àwọn wọ̀nyí ni ọkọ̀ ojú omi kó padà dé Èkó, pẹ̀lú owó díẹ̀ àti ẹ̀wù kakí. Ìjọba ṣe òfin ní ọdún 1945 pé kí àwọn agbanisíṣẹ́ gba ìwọ̀n kan nínú àwọn tí ó ti ogun dé. Ṣùgbọ́n òfin kò dá iṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn tí ó mọ ọkọ̀ wà àti àwọn tí ó mọ̀wé rí nǹkan ṣe. Fadoyebo fúnra rẹ̀ rí iṣẹ́ ìjọba. Alárù tí kò mọ̀wé padà sí oko, bí oko bá ṣì wà fún un. Ọjà ti gbówó lórí ní gbogbo ìlú ní ọdún náà, àwọn òṣìṣẹ́ tí kò lọ sógun pàápàá ń daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí pé owó oṣù wọn kò ra nǹkan. Ta ni yóò wá jókòó gbọ́ ìtàn Bọ́mà?

Ní àwọn ilẹ̀ mìíràn ọ̀rọ̀ náà di ẹ̀jẹ̀. Ní Thiaroye, lẹ́bàá Dakar, ní ọjọ́ kìíní oṣù Ọ̀pẹ́ ọdún 1944, àwọn ọmọ ogun láti àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tí Faransé ń ṣàkóso ń béèrè owó iṣẹ́ wọn tí a kò tíì san. Ìbọn ni Faransé fi dá wọn lóhùn. Wọ́n ní ènìyàn 35 ni ó kú. Àwọn òpìtàn gbà pé ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Accra, ní ọjọ́ 28 oṣù Èrèlé ọdún 1948, àwọn tí ó ti Bọ́mà dé ń wọ́ lọ sí ilé gómìnà láti fi ìwé ẹ̀bẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ọlọ́pàá yìnbọn, Sájẹ́ǹtì Adjetey, Kọ́pùrù Attipoe àti Odartey Lamptey sì ṣubú. Wọ́n bọ́ lọ́wọ́ Jàpáànù, wọn kò bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n jà fún. Gánà ṣì ń ṣe ìrántí àwọn mẹ́ta náà lọ́dọọdún, orúkọ wọn sì wà lẹ́nu ọmọ ilé ìwé. Nàìjíríà kò ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Bóyá nítorí pé tiwọn kò di ẹ̀jẹ̀ ni ó fi rọrùn láti gbàgbé wọn.

Ẹni tí ó bá mọ ìtàn Yorùbá yóò ṣàkíyèsí nǹkan kan níbí. Láyé àtijọ́, jagunjagun kì í ti ogun dé kí ó máa wá iṣẹ́ ọdẹ ṣe. Ní Ìbàdàn, oyè wà nílẹ̀ fún un, láti Jagun títí dé Balógun, ẹni tí ó sì bá ọ̀nà Balógun lọ lè dé orí àga Olúbàdàn títí di òní. Lẹ́yìn ogun Kírìjí, àwọn Ìjẹ̀ṣà fi Ògèdèngbé jẹ Ọbańlá. Ilẹ̀, ìpín nínú ìkógun, ará ilé tí ó pọ̀, orílẹ̀ agboolé tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀: báyìí ni ìlú ṣe ń san gbèsè. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣe àyẹ́sí ìgbà náà ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí ẹrú wà nínú ìkógun náà, ìlú ẹlòmíràn ni wọ́n sì fi ń san gbèsè tiwọn. Ṣùgbọ́n ìlú mọ ẹni tí ó jà fún un, ó sì mọ ibi tí yóò fi í sí. Ẹni tí ó lọ Bọ́mà kò jà fún ìlú. Ọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó jà fún, lórí ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bi ìlú léèrè. Nígbà tí ó dé, Gẹ̀ẹ́sì kà á sí ọmọ ìlú, ìlú sì kà á sí ènìyàn Gẹ̀ẹ́sì.

Ìdí kejì tún wúwo ju èyí lọ. Ní ọdún 1918, nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá dìde nítorí owó orí àti iṣẹ́ àfipáṣe, nínú ìjà tí wọ́n ń pè ní ogun Àdùbí, àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ogun àgbáyé kìíní dé láti Ìlà Oòrùn Áfíríkà ni ìjọba kó lé wọn lórí. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ni ó kú. Báwo ni ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú sínú oko Ẹ̀gbá yóò ṣe kí sójà kú ewu? Lẹ́yìn òmìnira, àwọn ọmọ ogun gba ìjọba ní ọdún 1966, wọ́n sì wà níbẹ̀ títí di 1979. Wọ́n tún padà wá ní òpin ọdún 1983, wọn kò lọ títí di 1999. Ẹni tí ó bá gbé Èkó nígbà náà mọ ohun tí kòbókò jẹ́. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń ní kí àgbàlagbà máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ ní etí títì. Dodan, orúkọ ibi tí àwọn alárù ti kú, wá di ibi tí ìkéde ìfipágbàjọba ti ń jáde. Bí ọ̀rọ̀ "sójà" bá ti jáde lẹ́nu, ẹ̀rù ni ó ń bí, ẹ̀rù àti ọpẹ́ kì í sì í gbé inú ilé kan náà. Bàbá arúgbó tí ó tiro láti Kaladan san nínú gbèsè tí àwọn ọ̀dọ́ oníkòbókò jẹ. Èyí kò tọ́, ṣùgbọ́n ó yé ni.

Ìjọba gbìyànjú láti ṣètò ọpẹ́ náà. Láyé Gẹ̀ẹ́sì, ère ọmọ ogun kan àti alárù kan dúró ní Ìdúmọ̀tà, fún àwọn tí ó kú nínú ogun àgbáyé kìíní, àwọn ará Èkó sì sọ ọ́ ní Sójà Ìdúmọ̀tà; oníṣòwò ń nà á sí ara wọn bí àmì ọ̀nà, "Bí o bá dé ọ̀dọ̀ sójà, yà sí ọ̀tún." Wọ́n ti gbé e kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Ọjọ́ 11 oṣù Bélú ni ọjọ́ ìrántí nígbà náà, gẹ́gẹ́ bí ti Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, wọ́n gbé e lọ sí ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́, nítorí pé ọjọ́ náà ni ogun ọ̀hún parí ní ọdún 1970. Wọ́n ń fi òdòdó lélẹ̀, wọ́n ń yin ìbọn, wọ́n ń tú ẹyẹlé funfun sílẹ̀, àwọn gómìnà sì ń fi owó ra báàjì lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn ajagunfẹ̀yìntì tí a ń pè ní Nigerian Legion, tí òfin ọdún 1964 dá sílẹ̀. Orí tẹlifíṣọ̀n ni ọ̀pọ̀ ará ìlú ti ń rí i. Ní ọjọ́ 16, ọkùnrin tí ó wà lórí ìlà ní àná ti padà sí ẹnu géètì báǹkì, ó ń ṣí géètì fún ọkọ̀.

Ọkùnrin yẹn kì í ṣe ará Bọ́mà mọ́. Ogun abẹ́lé ni tirẹ̀, tàbí Làìbéríà, tàbí Sàró, tàbí Bọ̀rnó. Nígbà tí ogun Biafra bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Agẹmọ ọdún 1967, ọmọ ogun Nàìjíríà jẹ́ nǹkan bí 10,000. Nígbà tí ó parí, wọ́n ti súnmọ́ 250,000. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n gbà láàárín ọdún mẹ́ta náà ni ó jẹ́ ọmọ Yorùbá, wọ́n sì ti di bàbá àgbà báyìí. Ní apá kejì, àwọn ọmọ ogun Biafra tí ó di abirùn wà ní Oji River, ní ìlà oòrùn Nàìjíríà, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n ń jókòó nínú kẹ̀kẹ́ arọ ní etí títì, èrò ọkọ̀ sì ń ju owó sí wọn. Ó di ọdún 2000 kí Ààrẹ Ọbásanjọ́ tó yí ìléníṣẹ́ àwọn tí ó jà fún Biafra padà sí ìfẹ̀yìntì. Ọbásanjọ́ náà ni ọ̀gágun tí ó gba ìtúúbá wọn ní 1970. Láàárín ọdún àìpẹ́ yìí, àwọn ajagunfẹ̀yìntì ti jókòó dí ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ìṣúná ní Àbújá léraléra, kí wọ́n lè rí owó tí a ti fọwọ́ sí fún wọn gbà. Àwọn àgbàlagbà tí wọ́n tẹ́ ẹní sílẹ̀ níwájú ọ́fíìsì kò béèrè kí ẹnikẹ́ni tú ẹyẹlé. Owó ni ìjọba fi ń dúpẹ́, ọjọ́ tí ó bá sì kùnà láti san án, ìkíni ará àdúgbò kò lè dí i.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí owó ìjọba kò lè ṣe, èyí sì ni ohun tí ó wà lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ń gbé nítòsí wọn. Bíyì Bándélé, òǹkọ̀wé tí ó kú ní ọdún 2022, dàgbà ní Kafanchan nínú ilé bàbá kan tí ó jà ní Bọ́mà. Bàbá náà ń sọ ìtàn ogun, ọmọ sì ń gbọ́. Ní ọdún 2007 ìtàn tí ọmọdé gbọ́ di ìwé Burma Boy, tí akọni rẹ̀ jẹ́ ọmọkùnrin kékeré kan tí ó bá àwọn Chindit lọ. Ìwé yẹn ni ó kọ́kọ́ mú kí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Nàìjíríà mọ̀ pé bàbá àgbà tiwọn lè ti wà níbẹ̀. Bí ọmọ yẹn kò bá gbọ́, bí ó bá ti sá lọ ṣeré nígbà tí bàbá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ogun gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń ṣe, kò sí ìwé náà. Nínú ilé mélòó ni bàbá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn, tí wọ́n ní kí ó jẹ́ kí àwọn gbọ́ ìròyìn lórí rédíò?

Àwọn Yorùbá tí ń gbé Lọ́ńdọ̀nù náà ti ní ibi tí wọ́n lè dúró sí. Láti oṣù Òkúdù ọdún 2017, òkúta ìrántí kan wà ní Windrush Square ní Brixton, fún àwọn ọmọ ogun Áfíríkà àti Karíbíà nínú ogun àgbáyé méjèèjì. Ní Taukkyan, lẹ́bàá Rangoon, orúkọ bíi 27,000 ni wọ́n kọ sára òpó fún àwọn tí a kò mọ ibojì wọn, tí àwọn ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà sì wà lára wọn.

Fadoyebo kò dúró de ẹni tí yóò bi òun. Ó jókòó, ó kọ ìtàn ara rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀dà ìwé náà dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ogun ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1999. Akọ̀ròyìn Gẹ̀ẹ́sì kan, Barnaby Phillips, kà á, ó sì wá a lọ sí Èkó. Ó bá arúgbó kan tí ó ń tiro, tí orí rẹ̀ pé, tí ọ̀rọ̀ sì dùn lẹ́nu rẹ̀. Ó yẹ kí ẹnikẹ́ni retí pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò ní ohun púpọ̀ láti béèrè: lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́wọ́ Nàìjíríà, lọ́wọ́ àwọn tí ó rí ìtiro rẹ̀ tí wọn kò béèrè ìdí. Ohun tí ó jẹ ẹ́ lógún jù ni pé òun fúnra rẹ̀ jẹ gbèsè. Wọ́n gbé e kúrò lábúlé ní oṣù Ọ̀pẹ́ ọdún 1944, láti ìgbà náà kò gbúròó Shuyiman mọ́. Kò mọ̀ bóyá ó wà láàyè.

Ó kọ lẹ́tà ọpẹ́. Phillips mú un lọ sí Bọ́mà ní ọdún 2011, ó wá abúlé náà kàn ní àfonífojì Kaladan, ó sì bá ẹbí Shuyiman níbẹ̀. Shuyiman ti kú. Wọ́n ka lẹ́tà náà fún àwọn ọmọ ilé rẹ̀. Wọ́n rántí àwọn ọkùnrin dúdú méjì tí ó fara pamọ́ sọ́dọ̀ wọn. Phillips padà sí Èkó pẹ̀lú fíìmù ohun tí ó rí, ó fi í han Fadoyebo, arúgbó náà sì rí ojú àwọn ènìyàn ilé tí ó gbà á là, lẹ́yìn ọdún 67.

Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ náà láàárín àwọn Rohingya àti àwọn aládùúgbò wọn, wọ́n sì jó ọ̀pọ̀ ilé. Láti oṣù Ògún ọdún 2017, nígbà tí ọmọ ogun Myanmar kọlu àwọn Rohingya, ènìyàn tí ó lé ní 700,000 nínú ìran Shuyiman sá gba ààlà kọjá sí Bangladesh. Fadoyebo kò rí ti 2017. Oṣù Bélú ọdún 2012 ni ó kú.